Irun Opó ní Duncanville

Oṣù tí ọkọ ọ̀rẹ́ mi kú, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn, àárọ̀ ni mo sì máa ń jáde síta. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ òru rí mọ bí ayé ṣe máa ń rí lójú ẹni ní agogo méje àárọ̀. Oòrùn á ti yọ, omi tí wọ́n fi ń rin koríko á máa fọ́n sókè níwájú ilé gbogbo, o ò sì ní rí ẹ̀dá alààyè kan níta. Bí mo bá rántí oṣù náà báyìí, kò dá mi lójú pé mo lajú fún gbogbo ọjọ́ inú rẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí mo rí nígbà náà tí mo ṣì ń bi ara mi pé ṣé ojú oorun kọ́.

Duncanville, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, la jọ ń gbé, ilé wọn ò ju òpópónà méjì lọ sí tiwa. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Mushin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Bí a bá ń bú ara wa ṣeré, òun ló máa ń borí. Nọ́ọ̀sì ni àwa méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Coppell, níbi tí ọkọ̀ òfúrufú ti máa ń rẹlẹ̀ kọjá lórí ẹni bíi pé òrùlé ló fẹ́ bà lé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ náà. Tí mo bá wọlé tọ̀ wọ́n, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á dìde fún mi lórí àga tó dára jù. Àìsàn kíndìnrín ló mú un, ó bá a jà fún ọdún méjì, ó sì kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo yà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi láti ibi iṣẹ́. Wọ́n ti gbé àga kúrò ní pálọ̀, wọ́n fi aṣọ bo dígí ara ògiri, wọ́n sì tẹ́ mátíréẹ̀sì kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí rẹ̀ ló jókòó sí, ó wọ aṣọ dúdú, ó fi gèlè dúdú wé orí. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì ti dàgbà, iṣẹ́ ti gbé wọn lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Wọ́n wá sunkún bàbá wọn, wọ́n sì padà lọ tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kí wọ́n lè lọ sílé nílẹ̀ Ìgbò fún ìsìnkú. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó tì í.

Ó ní, "Wọ́n máa gé irun mi."

"Àwọn wo?"

"Àwọn umuada."

Mo ti gbọ́ orúkọ yẹn rí. Àwọn ọmọbìnrin ilé ọkọ ni, àwọn tí wọ́n bí sínú ìdílé náà, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó lọ. Méje wọn ló wà káàkiri Dallas, ẹ̀gbọ́n obìnrin tí ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé ló sì ṣáájú wọn. Wọ́n ti dá ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ní ọjọ́ Sátidé, kí òkú tó gbéra lọ sílé, wọ́n máa wá fá orí opó. Lẹ́yìn náà ni aṣọ dúdú ọdún kan yóò wá bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ó ní, "Mi ò fẹ́. Bá mi sọ fún wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gé e."

Mo gbaná jẹ. Bí a ṣe bí mi nìyẹn, ìyá mi máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi kì í pẹ́ hó. Mo ní ta ló tó bẹ́ẹ̀? Lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí? Mo ní ẹ̀tọ́ obìnrin kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé wá sí pálọ̀ láti wá dìbò lé lórí. Mo ní nílé pàápàá, ìjọba ti ṣòfin lòdì sí fífi ìyà jẹ opó. Mo ní bí wọ́n bá fọwọ́ kan orí rẹ̀, màá pe ọlọ́pàá, màá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fi ilé hàn wọ́n. Ó di ojú, ó ń gbọ́ mi.

Nígbà tó yá, ó ní, "O ti parí?"

"Ó kù."

"Sọ ìyókù lọ́la. Ojú ẹ ti pọ́n. Lọ sùn."

Bí mo ti ń wakọ̀ lọ sílé ni mo ń dá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí òun fúnra rẹ̀ kò fi lè là á mọ́ wọn lójú. Bí opó bá kọ̀, àwọn ará ilé kò ní jẹ́ kó dúró níbi sàréè. Wọ́n á ní ó mọ nǹkan nípa ikú ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sì ti sọ pé inú ọgbà bàbá òun ni kí wọ́n sin òun sí, òun náà sì ti ṣèlérí fún un. Àwọn obìnrin méje yìí kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi ń jẹun nílé rẹ̀.

Kí n má purọ́, àwa Yorùbá náà ní tiwa. Nígbà tí bàbá mi kú, ogójì ọjọ́ ni ìyá mi fi ṣe opó. Wọ́n tú irun rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kó dì í títí ogójì ọjọ́ fi pé. Ọmọdé ni mí, mo kàn rò pé bí ilé ṣe máa ń rí nìyẹn. Ti ẹlòmíràn ló máa ń yá ojú ẹni láti rí.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe mi nìyí. Nínú àwọn tó ń wá kí ọ̀rẹ́ mi, ìyá àgbà kan wà tí gbogbo wọn máa ń dìde fún. Mama ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó àbúrò bàbá ọkọ ọ̀rẹ́ mi ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀ ní Plano. Mo rí i pé òun ló dàgbà jù, mo rí i pé tó bá wọlé ẹnu gbogbo ènìyàn á pa mọ́, mo sì sọ fún ara mi pé mo ti rí ẹni tí mo máa bẹ̀. Èmi tí mo ń pe ọmọ ọdún méje ní "ọkọ mi" nílé àwọn àna mi! Ó yẹ kí n mọ̀ pé ìyàwó ilé, kó dàgbà títí kí irun rẹ̀ funfun, ìyàwó ilé ni níwájú ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n oorun wà lójú mi, ìbínú sì wà nínú mi, àgbà ni mo rí, mo sì sáré tọ àgbà lọ.

Mo se ọbẹ̀ ẹja, mo gbé e lọ sí Plano ní àárọ̀ ọjọ́rú kan. Ilé náà tóbi, ó sì dákẹ́. Àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, bàbá àti ìyá wọn ti lọ síbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn. Mama jókòó lójú fèrèsé, tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́ láìsí ohùn, ó ń wo koríko tó gún régé títí dé ilé kejì. Ó ti gbé Ìbàdàn rí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, nítorí náà ó kí mi ní Yorùbá, "Ẹ káàárọ̀, ẹ jókòó." Ibẹ̀ ni Yorùbá rẹ̀ parí sí. Gẹ̀ẹ́sì la jọ sọ ìyókù, bó ṣe wọ̀ mí létí ni mo ń kọ ọ́ níbí.

Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Mama, ẹ ṣàánú. Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ irun yìí."

Ó wò mí títí. "Kí ni òun fúnra rẹ̀ sọ?"

"Ó ní òun ò fẹ́."

"Kí ló dé tí kò fi fẹ́?"

"Mama, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni! Orí rẹ̀ ni!"

"Mo gbọ́ ìyẹn. Ìdí tirẹ̀ ni mo bèèrè."

Mo tún ti ẹ̀tọ́ sọ, mo fi ti iṣẹ́ kún un, mo fi ti ìtìjú kún un. Ó fetí sí mi dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó bó ọsàn kan, ó pín in sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé sórí ọwọ́ rẹ̀, mo sì ń wò ó títí tí oorun fi gbé mi lọ níbi tí mo jókòó sí. Ìgbà tí mo jí, ó ti da aṣọ bò mí. Ọ̀sán ti pọ́n.

Mo tún lọ ní ọjọ́rú kejì. Ọ̀rọ̀ kan náà, ọsàn kan náà, oorun kan náà. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo gbà pé àgbà kì í jẹ́ ọmọ mọ ohun tó wà nínú òun tán, mo sì padà lọ fọwọ́ sọ̀yà fún ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti bá Mama sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Mama wo?" Nígbà tí mo sọ fún un, ó ṣí ẹnu bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì tún pa á dé. Àárẹ̀ ti mú un. Ó gbé orí lé èjìká mi. Mo rò pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ ni, inú mi sì dùn sí ara mi.

Ọjọ́ Sátidé pé. Agogo mẹ́wàá àárọ̀, òjò díẹ̀ ń rọ̀, oòrùn sì ń ràn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn obìnrin méje wọlé, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó yí ká lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mama ṣe ìkẹjọ wọn, àwọn ló lọ gbé e wá. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ gbé àwo funfun kan sílẹ̀. Abẹ tuntun wà nínú rẹ̀, kò tíì kúrò nínú bébà, ọṣẹ wà níbẹ̀, aṣọ inura funfun kan sì wà. Ẹnì kan gbé abọ́ omi gbígbóná wá láti ilé ìdáná. Ooru omi náà ń ru sókè.

Mo dìde. Mo ní wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án. Mo sọ ti òfin, mo sì sọ ti ọlọ́pàá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ dá mi lóhùn jẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó ní, "O ti bá wa sunkún, a rí ọ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n o ò mọ àwọn tó ń dúró dè é nílé. Bí a bá fá a níbí, omi gbígbóná ni, abẹ tuntun ni, àwa tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe é. Bó bá fi irun délé, abẹ tó ti dípẹtà ni wọ́n máa fi fá a. Àbúrò mi ni mo fẹ́ sin. Mi ò fẹ́ ìjà níbi sàréè rẹ̀." Ó yí ojú sí Mama. "Mama, ó ti yá."

Mama sì na ọwọ́ gba àwo náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ní ìlú wọn, opó ló ń fá orí opó, àti pé nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, Mama nìkan ni ọkọ rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn, ohun tí mo rí kò ju pé ẹni tí mo ti kúnlẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì, tí mo jẹ ọsàn rẹ̀, tí mo sùn lábẹ́ aṣọ rẹ̀, òun ló di abẹ mú. Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Títí màá fi kú, mi ò ní gbàgbé ìwò yẹn. Mo ti ní kó fọkàn balẹ̀, kò sì wá olùgbèjà mìíràn; èmi gan-an ni mo la ọ̀nà fún àwọn tí mo ní mo ń dí lọ́nà.

Mama sọ̀kalẹ̀ sórí mátíréẹ̀sì náà díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ ti èjìká mi kí ó má baà ṣubú. Ó yọ abẹ kúrò nínú bébà, ó sì tú gèlè orí ọ̀rẹ́ mi. Irun dídì ni, ìlà kéékèèké, ó ti gbó. Ní ẹ̀yìn orí, nítòsí ọrùn, ìlà mẹ́ta ti tú, àwọn ìyókù sì wà bí wọ́n ṣe wà. Mo ti rí ìlà mẹ́ta yẹn rí. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni kò jẹ́ kó rójú tọ́jú ara rẹ̀.

Mama gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n gé e?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní, "Mama, a kì í béèrè."

"Mo mọ̀. Wọn ò bi èmi náà." Kò yí ojú padà. "Ọmọ mi, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé kí n gé e?"

Òjò ti dá.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Rárá, Mama."

"Kí ló dé?"

Ó ní, "Òun ló máa ń bá mi tú u ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ mi ò dé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo ní kó fi sílẹ̀, ó ní rárá, iṣẹ́ òun ni. Àárọ̀ tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó ti tú mẹ́ta. Ó ní kí n dúró, òun máa parí rẹ̀ tí òun bá dé." Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. "Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dé kẹ́yìn."

Mo bú sẹ́kún. Mo ti fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jà fún obìnrin yìí, mi ò bi í ní ìdí rẹ̀ rí. Mo ti mú ìdí tèmi, mo fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Mama wé abẹ náà padà sínú bébà rẹ̀. Ó ní, "Mo bi í, ó ti dáhùn. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gé e, ẹ lọ wá opó mìíràn."

"Ta ló máa sọ ọ́ fún wọn nílé?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fún mi ní fóònù. Èmi ni màá sọ ọ́."

Ó sì sọ ọ́ lóòótọ́, ní èdè Ìgbò, níwájú gbogbo wa. Àwọn tó wà ní òdìkejì pariwo títí, ó gbé fóònù jìnnà sétí, ó dúró kí wọ́n pariwo tán, ó sì tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ sunkún. Kí ó tó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi, ó fi ìka kan ìlà mẹ́ta yẹn, ó sì lọ.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ wá dùn. Nígbà tí wọ́n gbé òkú délé, wọn ò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi wọ inú ọgbà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn tó padà dé pé ẹnu géètì lòun dúró sí pẹ̀lú àwọn ọmọ òun, òun ń gbọ́ orin ìsìnkú, òun ń gbọ́ ṣọ́bìrì. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó ní kó wọlé, wọ́n ti bo ilẹ̀ náà tán. Kò bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òun ò kábàámọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dákẹ́, mo jẹ́ kí ó sọ bó ṣe dùn ún.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré jù. Ní ọ̀sán Sátidé yẹn, kò sí ẹni tó rántí gbé Mama padà sí Plano, nítorí náà èmi ni mo gbé e. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó gbé orí ti dígí ọkọ̀, mo rò pé ó ti sùn. Ọ̀nà márosẹ̀ náà ń dán lẹ́yìn òjò, àwọn ilé gíga Dallas rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbogbo rẹ̀ fúyẹ́ lójú mi. Ìtìjú ń ṣe mí. Mo ń ronú ohun tí mo lè sọ. Níkẹyìn mo ní, "Mama, ẹ ṣeun. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ohun tí wọ́n fi jẹ yín níyà."

Kò la ojú. Ó ní, "Ìwọ náà ò bi mí."

Mo ní, "Mama?"

"Ọkọ mi ṣe mí jẹ́jẹ́, fún ọdún mọ́kànlélógún. Nígbà tó kú, mo fẹ́ gé irun mi fún un. Mo ti tú u sílẹ̀ fúnra mi, mo ti fọ̀ ọ́, mo jókòó, mò ń dúró dè wọ́n. Wọ́n wọlé, wọn ò wò mí lójú. Obìnrin mẹ́rin dì mí lórí mú, wọ́n tẹ ojú mi mọ́lẹ̀. Ká ní wọ́n bi mí ni, èmi ni ǹ bá fi ọwọ́ ara mi gbé abẹ náà lé wọn lọ́wọ́."